Bọ́ńkì Tó Ń Fì: Bí A Ṣe Ń Mú Un Dúró Gbọn-in Nílé

Ẹ kú ìjókòó o. Ilé-Ifẹ̀ ni a wà, bọ́ńkì onípákó tó wà níwájú yín yìí sì ni iṣẹ́ tòní. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Láti Mayfair títí dé Lágéré, kò sí ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ máa wọ̀ tí ẹ ò ní bá a: òpó 2 báì 3 mẹ́rin, bẹ́ẹ̀dì kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, fóòmù 2½ báì 6. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan ṣoṣo tì í lókè níbí. Ẹ rí i? Ó ń fì síwá, ó ń fì sẹ́yìn, ó sì ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí wọ́n mú òòlù, kí wọ́n kan ìṣó 3 ínǹṣì mẹ́rin sí i mọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ìṣó kò tó. Ara igi ló ń fún ìṣó mú, kò sí ohun mìíràn tó dì í mú. Bí bẹ́ẹ̀dì ṣe ń fì ni ihò ìṣó ń gbòòrò. Ẹ wá fi ti igi tútù kún un. Ẹni tó bá ra pákó ní sọ́míìlì nígbà òjò, tó sì kàn án lọ́jọ́ kejì, kó dúró de ọyẹ́. Igi yẹn á gbẹ, á sún kì, gbogbo oríkèé á sì tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àmọ́ ohun tó fà á gan-an kò sí nínú ìṣó. Ẹ bá mi gbé páálí Indomie tó ṣófo yẹn wá. Mo ti ṣí i lókè, mo ti ṣí i nísàlẹ̀. Mo ti igun rẹ̀ báyìí, ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pẹlẹbẹ. Wàyí o, mo fi sẹ́lótéèpù dí ìdí rẹ̀ pa. Mo tún tì í. Kò lọ síbì kankan. Páálí kan náà ni o, mi ò fi kún nípọn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bọ́ńkì yín ṣe rí: onígun mẹ́rin tí kò sí ohunkóhun tó so igun kan mọ́ igun tó dojú kọ ọ́. Onígun mẹ́rin lè dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ pé igi kan ṣẹ́ nínú rẹ̀. Onígun mẹ́ta kò lè dà àfi tí igi bá ṣẹ́ tàbí oríkèé bá já. Nítorí náà, onígun mẹ́ta la fẹ́ sọ ọ́ dà. Pákó kan láti igun sí igun ló máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ọjà. Pákó 1 báì 12 kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹ ní kí wọ́n là á sí mẹ́ta ní sọ́míìlì, kí wọ́n sì gé e tààrà. Ayùn máa jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, pákó kọ̀ọ̀kan kò ní pé 4 ínǹṣì ní fífẹ̀, ìyẹn kò bà á jẹ́. Afàrà dára fún un, òmọ̀ dára, ìrókò pàápàá dára tí owó bá wà. Ẹ má ra arère. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n síkúrúù kì í dì í mú dáadáa.

Pákó àkọ́kọ́, ẹ gé ẹsẹ̀ bàtà 8 níbẹ̀, ti ẹ̀yìn bọ́ńkì nìyẹn. Ẹsẹ̀ bàtà 4 tó ṣẹ́kù, ẹ má sọ ọ́ nù. Pákó kejì, ẹ gé e sí méjì, 5 fíìtì 8 ínǹṣì ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún orí àti ẹsẹ̀ bọ́ńkì. Pákó kẹta, ẹsẹ̀ bàtà 6 méjì, ìyẹn ni ìdènà tí kò ní jẹ́ kí ẹni tó sùn lókè já bọ́. Àwọn ìwọ̀n yìí bá bọ́ńkì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó fẹ̀ ní 2½, tí pákó òkè rẹ̀ sì ga ní 5 láti ilẹ̀. Bí tiyín bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ na tépù láti igun sí igun kí ẹ tó gé ohunkóhun.

Bọ́ọ̀tù: 8 mílímítà, mẹ́fà. Gígùn rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣì. Ẹ ṣírò ìnípọn òpó, ẹ fi ti pákó kún un, ẹ tún fi ìdajì ínǹṣì kún un fún wáṣà àti nọ́ọ̀tì. Níbí, tí a bá gba ẹ̀yìn wọlé, òpó nípọn ní 2 ínǹṣì, nítorí náà bọ́ọ̀tù méjì jẹ́ 3½. Tí a bá gba orí àti ẹsẹ̀ wọlé, 3 ínǹṣì ni, nítorí náà mẹ́rin jẹ́ 4½. Wáṣà ńlá méjì-méjì fún bọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan. Síkúrúù 2 ínǹṣì, ogójì. Sípánà 13, ẹnu dírílì 8 àti 3 mílímítà, gáàmù funfun ti káfíńtà, sáńpépà. Ó tán.

Iṣẹ́ yá. Ẹ kó fóòmù kúrò, ẹ kó gbogbo ẹrù abẹ́ rẹ̀ kúrò. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú bí gàrí kíkúnná nílẹ̀, tí ihò wẹ́wẹ́ sì wà lára igi, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Òpó yẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀tù tó lè di ìyẹ̀fun mú.

Lẹ́yìn náà, ilẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ igun òkè kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá ń dún kó-kó lórí sìmẹ́ǹtì, ó kúrú tàbí ilẹ̀ ò tẹ́jú níbẹ̀. Ẹ gé plywood pẹlẹbẹ, ẹ fi síkúrúù kàn án mọ́ ìdí ẹsẹ̀ náà. Ìwé tí a ká mẹ́rin kọ́ o! Ìwé máa ń tẹ̀, ó sì máa ń yọ nígbà tí ẹ bá ń gbálẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ilẹ̀ ṣáájú ni pé tí ẹ bá ti de pákó igun-sí-igun mọ́ ọn, bí bọ́ńkì bá ṣe dúró lọ́jọ́ náà ló ṣe máa wà. Tó bá wọ́, ẹ ti de wíwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Wàyí, àwọn oríkèé àtijọ́. Bọ́ọ̀tù tó bá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ mú un le. Bó bá ń yí láìdì mú, ẹ yọ ọ́, kí ẹ wo inú ihò. Ihò síkúrúù tó ti jẹra, ẹ da gáàmù sínú rẹ̀, ẹ ki igi ìṣáná tí ẹ ti gé orí rẹ̀ kúrò sínú rẹ̀ títí kò fi ní gbà mọ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá rẹ́ ẹ tẹ́jú, ẹ lu ihò tuntun, ẹ tún síkúrúù náà dá padà. Ẹ má kánjú lórí gáàmù. Ẹni tó bá wọ síkúrúù sí gáàmù tútù kàn ń fi ọ̀rá kun ihò náà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un dọ́gba. Sún kámẹ́rà mọ́ mi díẹ̀. Ẹ̀yìn bọ́ńkì nìyí. Mo wọn láti ìsàlẹ̀ ọwọ́ òsì dé òkè ọwọ́ ọ̀tún: ínǹṣì 93¾. Mo wọn èkejì, ìsàlẹ̀ ọ̀tún dé òkè òsì: 94½. Bí bọ́ńkì bá dúró déédéé, méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Èyí gùn ju èyí lọ, a jẹ́ pé ó dà sí apá kan. Ẹ so okùn mọ́ igun méjèèjì tó gùn jù, ẹ fi igi kan bọ àárín okùn náà, kí ẹ máa lọ́ ọ bí ẹni ń lọ́ aṣọ tó tutù. Díẹ̀díẹ̀... ó ń súnmọ́... ó dúró. Ẹ so igi náà mọ́lẹ̀ kó má tú. Ẹ tún wọn méjèèjì. Ìwọ̀n kan náà ni báyìí.

Ẹ gbé pákó ẹsẹ̀ bàtà 8 lé e. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára òpó, ní ìwọ̀n ínǹṣì 2 sókè ilẹ̀. Òkè rẹ̀ á dé ibi pákó ẹ̀gbẹ́ òkè. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà ibi tí ẹ máa gé, ẹ gé e lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e lé e, kì í ṣe ṣáájú. Ihò bọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ jìnnà tó ínǹṣì 2 sí ẹnu pákó. Bó bá súnmọ́ ẹnu jù, pákó á là lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bá gòkè. Ẹ lu ihò 8 gba pákó àti òpó já lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti bọ́ọ̀tù wọlé, wáṣà níwájú, wáṣà lẹ́yìn, nọ́ọ̀tì. Wáṣà yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí orí bọ́ọ̀tù rì wọnú igi, torí ibi tó bá ti rì ló ti máa tú.

Ẹ wá fi síkúrúù méjì kún ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò 3. Bí igi bá le, tí síkúrúù ń janpata, ẹ fi ẹnu rẹ̀ ra ọṣẹ. Ó máa wọlé.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbójú fò. Pákó 1 ínǹṣì tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8, tí ẹ bá tì í láti ẹnu, ó máa tẹ̀ bí ọrun. Ẹ wo ibi tó ti gba ara pákó ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ kọjá. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, ẹ fi pákó kékeré dí i, kí ẹ fi síkúrúù méjì de pákó igun-sí-igun mọ́ ọn níbẹ̀. Kò ní lè tẹ̀ mọ́.

Orí àti ẹsẹ̀ bọ́ńkì, bákan náà ni, pẹ̀lú pákó 5 fíìtì 8. Ẹ kàn gbé ihò bọ́ọ̀tù tiwọn sókè ní ínǹṣì 2 sí ti ẹ̀yìn, kí ihò méjì má bàa pàdé nínú òpó kan. Òpó 2 báì 3 tí ihò méjì bá pàdé nínú rẹ̀ kò ju páálí lọ.

Iwájú ńkọ́? A ò lè gbé pákó dábùú ibẹ̀, ibẹ̀ ni a ń gbà wọlé. Ẹ mú ẹsẹ̀ bàtà 4 tó ṣẹ́kù, ẹ gé ínǹṣì 17 méjì níbẹ̀, kí ẹ gé ẹnu wọn dàgẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan máa wà ní igun òsì, ọ̀kan ní igun ọ̀tún, lábẹ́ pákó ẹ̀gbẹ́ òkè: ínǹṣì 12 lórí pákó, ínǹṣì 12 lórí òpó. Síkúrúù méjì ní ẹnu kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gáàmù. Ẹ fi sáńpépà ra etí rẹ̀ dáadáa, torí orí ẹni tó ń sùn nísàlẹ̀ máa gbá a lóru ọjọ́ kan. Bí àkàbà yín bá wà ní ìhà ẹsẹ̀, irú èyí náà ni ẹ máa fi síbẹ̀ dípò pákó gígùn.

Ẹ tú okùn. Ẹ tì í.

Ẹ rí i fúnra yín.

Ẹni tó bá fẹ́ kó le ju bẹ́ẹ̀ lọ lè dè é mọ́ ògiri. Ògiri búlọ́ọ̀kù: ihò 8 mílímítà méjì gba pákó ẹ̀yìn òkè já, ráwọ́ọ̀plọ́ọ̀gì (ike tí a ń ki sínú ihò ògiri kí síkúrúù lè rí nǹkan dì mú), síkúrúù tó wọ inú búlọ́ọ̀kù ní ínǹṣì 2 ó kéré tán. Búlọ́ọ̀kù wa ní ihò nínú, nítorí náà ẹ má fi dírílì gbá a bí ẹni ń fọ́ ilé. Ẹ pa bọ́tìnnì tó ń mú kí dírílì máa gbá ògiri, kó kàn máa yí. Ṣùgbọ́n ilé alámọ̀, irú èyí tó ṣì pọ̀ ní Ìrẹ̀mọ àti Ìlódè, tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí lára, ẹ má dè é mọ́ ọn. Ráwọ́ọ̀plọ́ọ̀gì ò rí nǹkan dì mú nínú amọ̀; á fa rírẹ́ náà já. Ẹ sì sọ fún láńlọ́ọ̀dù kí ẹ tó lu ògiri rẹ̀.

Bọ́ńkì onírin: ibi tí ẹsẹ̀ òkè ti bọ inú páìpù ìsàlẹ̀ ló máa ń mì jù. Ẹ má fi ọ̀rá tàbí ìwé dí i. Ẹ gé páànù pẹlẹbẹ, ẹ yí i ká ẹsẹ̀ òkè kó tó wọlé, kó há. Lẹ́yìn náà, ẹ lu ihò 8 gba páìpù méjèèjì já, kí ẹ fi bọ́ọ̀tù 2½ ínǹṣì àti nọ́ọ̀tì onírọ́bà dè é. Nọ́ọ̀tì lásán á máa tú bí bẹ́ẹ̀dì bá ń gbọ̀n. Bí ojú ibi tí wọ́n jó bá ti sán, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, kó fi ẹ̀rọ lọ èyí tó sán kúrò kó tó tún un jó. Èyí tí wọ́n bá jó lé ìpata lórí máa tún sán níbẹ̀. Fóòmù kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí o.

Ó ku pákó ẹsẹ̀ bàtà 6 méjì, ti ìdènà. Òfin tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà fún bọ́ńkì wúlò fún wa níbí náà: orí ìdènà gbọ́dọ̀ fi ínǹṣì 5 ga ju orí fóòmù lọ, àlàfo kankan kò sì gbọ́dọ̀ ju ínǹṣì 3½ lọ, kí ara ọmọ má bàa gba ibẹ̀ yọ kí orí rẹ̀ sì há. Ẹ gbé fóòmù padà kí ẹ tó wọn ínǹṣì 5 yẹn. Ìdènà tó dára fún fóòmù ínǹṣì 4 lè má ṣe nǹkan kan fún fóòmù ínǹṣì 8. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 6, ìsàlẹ̀ ni kó sùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú sípánà 13, ẹ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wò. Ẹ máa rí i pé wọ́n á gba ìdá mẹ́rin yíyí kan sí i, torí pákó ti jókòó. Ẹ tún ṣe é nígbà tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ fẹ́. Ẹ mú un le títí wáṣà fi jókòó mọ́ igi, ẹ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí igi ń dún tẹ́-tẹ́ lábẹ́ wáṣà, ẹ ti yí i jù, ẹ dá a padà díẹ̀.