Bí Bràsíl Ṣe Ń Pín Àyè Yunifásítì, àti Ibi Tí Ọmọ Ti Ń Pàdánù Tirẹ̀

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Bràsíl, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ tí òbí wọn rówó rán lọ sí girama aládàáni ló ń kó àyè tó dára jù lọ níbẹ̀, pàápàá ti ìṣègùn àti òfin. Ọmọ aláwọ̀ dúdú, títí kan àwọn tí baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Yorùbá dé Bahia, ìpínlẹ̀ kan ní Bràsíl, nínú ọkọ̀ ẹrú, kò rọ́nà wọlé. Òfin 12.711, tí Ààrẹ Dilma Rousseff fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ló yí i padà. Ìṣirò òfin náà la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tó tọ́ sí àyè ni kò rí i gbà nítorí pé ìṣirò náà kò yé wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ kan ní Salvador, olú-ìlú Bahia, tó ní àyè 80. Ìdajì rẹ̀, ìyẹn 40, jẹ́ ti àwọn tó ṣe gbogbo girama àgbà wọn ní ilé-ìwé ìjọba. Ẹ pín 40 yẹn sí méjì: 20 fún ọmọ tí owó tó ń wọ ilé wọn kéré, 20 fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba láìka owó òbí sí. Nínú 20 kọ̀ọ̀kan, ẹ wo iye aláwọ̀ dúdú, alápòpọ̀ àwọ̀ àti ọmọ onílẹ̀ (àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé) tí ètò ìkànìyàn rí ní ìpínlẹ̀ náà. Ní Bahia, wọ́n tó nǹkan bí 80 nínú 100. Torí náà, nǹkan bí 16 nínú 20 jẹ́ tiwọn. Ní Santa Catarina ní gúúsù, iye yẹn kéré sí i gan-an. Àwọn aláàbọ̀ ara wọ inú ìṣirò yìí ní 2016. Ní 2023, ó kan àwọn ọmọ quilombo, ìyẹn àwọn abúlé tí àwọn ẹrú tó sá lọ tẹ̀ dó, tí àtọmọdọ́mọ wọn ṣì ń gbé.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ló kọ́kọ́ ń gé ọmọ kúrò. Ọdún kan péré ní girama àgbà aládàáni ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, kódà bó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi gbà á síbẹ̀. Òbí tí wọ́n bá fi irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lọ̀ gbọ́dọ̀ ro èyí kó tó gbà.

Ti owó ń fẹ́ sùúrù. Gbogbo owó tó wọlé fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, ṣáájú ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ń wò, kí wọ́n tó yọ owó orí. Wọ́n á wá pín in fún iye ẹni tó wà nílé, ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú. Láti 2023, ìpín ẹnì kan kò gbọdọ̀ ju owó oṣù kan tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀. Ẹyọ kan àti ààbọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Bí bàbá bá ń gba ìlọ́po méjì owó oṣù yẹn, tí ìyá ń gba ẹyọ kan àti ààbọ̀, 3.5 nìyẹn. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún nílé, 0.7 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì yege. Bí ẹ̀gbọ́n méjì bá ti kó jáde lọ dá dúró, 3.5 sọ́nà mẹ́ta ti ju 1 lọ. Owó Bolsa Família, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn ìdílé tálákà, kì í wọ ìṣirò yìí, ẹ má fi kún un. Ìyá tó ń tajà lójú pópó tí kò ní ìwé owó oṣù, kó mú àkọsílẹ̀ báǹkì oṣù mẹ́ta wá. Ẹni tó bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, wọ́n á dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà.

Ní ti àwọ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa kọ ohun tó jẹ́. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ó máa jókòó síwájú ìgbìmọ̀. Wọn kì í wádìí ìran. Àwọ̀ ara, irun àti ìrísí ojú ni wọ́n ń wò. Fọ́tò ìyá àgbà tó dúdú kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ tọ̀nà lójú tiwa: ìrísí ènìyàn ni wọ́n fi ń yà á sọ́tọ̀ ní ìgboro Bràsíl, wọn kì í béèrè ìyá àgbà rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá kọ̀ lè pẹjọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dá fún un kì í pọ̀.

Àtúnṣe 2023 tún mú ohun ńlá kan wá. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá yan ìpín, ìyẹn àyè tí òfin yìí yà sọ́tọ̀, inú ìpín ló máa wà, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ nínú ENEM, ìdánwò àṣewọ yunifásítì ní Bràsíl, ga tó. Nísinsìnyí, àyè gbogbogbòò ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi máàkì rẹ̀ wá. Bó bá rí i gbà níbẹ̀, àyè ìpín rẹ̀ ṣófo fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín parí girama ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu, ọ̀nà yìí kì í ṣe tiyín. Ètò PEC-G, tí Bràsíl fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè, tó sì wà láti 1965, ni kí ẹ béèrè.

Àyè wíwọlé kì í ṣe oúnjẹ. Òfin fún àwọn tó bá ìpín wọlé ní ipò iwájú nínú ìrànwọ́ owó, ṣùgbọ́n kì í wá fúnra rẹ̀. Ìkéde tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́tọ̀, ọjọ́ ìparí rẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ àti ti quilombo ní owó ìrànwọ́ tiwọn tó ń jẹ́ Bolsa Permanência, 1,400 reais (owó Bràsíl) lóṣù láti 2023. Ọ̀sẹ̀ tí orúkọ bá jáde gan-an ni kí ọmọ lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kó kó ẹ̀dà ìwé owó ilé tó fi wọlé dání, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún béèrè rẹ̀ níbẹ̀.