A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ọkùnrin Tó Ń Fẹ́ Ọkùnrin àti Obìnrin Tó Ń Fẹ́ Obìnrin Lórí Amóhùnmáwòrán

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa, Àbújá

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣèré kan tó ń jẹ́ Bísí Àlímì jókòó níwájú Fúnmi Ìyàndá lórí ètò New Dawn tí NTA ń gbé sáfẹ́fẹ́, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́. Bí ètò náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni ará ìlú ń wò ó, nítorí náà kò sí ẹni tó ráyè gé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó sọ bẹ́ẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ètò náà máa lọ ní tààrà mọ́, nígbà tó sì di 2007, Àlímì sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe pé irú wọn kò sí lórí amóhùnmáwòrán wa láti ìgbà náà. Wọ́n wà níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwòrán wọn là ń rí, a kì í gbọ́ ohùn wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo eré àgbéléwò wa. Bí ọkùnrin bá ń fẹ́ ọkùnrin nínú rẹ̀, bọ̀rọ̀kìnní kan ni yóò jẹ́, tó fi owó àti mọ́tò tan ọmọ yunifásítì wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ẹ̀mí àìrí kan ló gùn ún, tàbí kí ó jẹ́ pé ọkọ ló já a kulẹ̀. Kí eré tó parí, pásítọ̀ tàbí ààfáà yóò ti gbàdúrà fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ni yóò kángun sí. A kì í rí èyí tó jẹ́ aránṣọ tó ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ owó ìránṣọ, tàbí nọ́ọ̀sì tó ti ibi iṣẹ́ òru ń bọ̀ wálé, tó ń ro bí òun yóò ṣe san owó ilé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí irú rẹ̀ rí, mo sì ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ti ìròyìn tilẹ̀ wá burú jù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá kó ọkùnrin tó lé ní àádọ́ta ní hótẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, nílùú Èkó, wọ́n tò wọ́n síwájú àwọn oníròyìn, gbogbo orílẹ̀-èdè sì rí ojú wọn kí adájọ́ kankan tó gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ọkùnrin 47 ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó fọwọ́ rọ́ ẹjọ́ náà sẹ́yìn nítorí pé àwọn tó pè é kò ṣe ojúṣe wọn lórí rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ bi ara yín léèrè: mélòó nínú wa tó rí ojú wọn ni ó gbọ́ bí ẹjọ́ náà ṣe parí? Yorùbá ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ní ti àwọn wọ̀nyí, olórí wà níbẹ̀ nígbà tí a ń fá a lójú gbogbo ayé, a kàn fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa, Mùsùlùmí àti Kristẹni, gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì wá bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tó ní ìgbàgbọ́ tiwọn náà ló sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Òfin wà níbẹ̀, a kò lè sọ pé kò sí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tó bá ṣe é, ọdún 10 sì ni fún ẹni tó bá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wọn tàbí tó bá fi irú ìfẹ́ náà hàn ní gbangba, ìbáà ṣe ní tààrà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú. Òfin náà kò dárúkọ amóhùnmáwòrán, ṣùgbọ́n “lọ́nà ẹ̀bùrú” yẹn tó láti kó jìnnìjìnnì bá olóòtú. Àjọ NBC, tó ń mójú tó iléeṣẹ́ rédíò àti amóhùnmáwòrán, tó sì lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn, àti àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, ìlú yìí ni olú iléeṣẹ́ àwọn méjèèjì wà. Ní ìpínlẹ̀ 12 níhìn-ín ní Àríwá, òfin Ṣàríà tún le ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ. Olóòtú tó wà ní Kánò kò ní dúró de lẹ́tà àjọ kankan. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi gé irú ìran bẹ́ẹ̀ kúrò.

Kì í ṣe àwa nìkan la gba ọ̀nà yìí kọjá. Láti 1934, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, àwọn iléeṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà ní ìlànà tó ka irú ìfẹ́ yìí léèwọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́gbọ́n fi í sínú ìtàn gbọ́dọ̀ fi í sára ọ̀daràn, kí onítọ̀hún sì jìyà nígbẹ̀yìn. Ìlànà náà kú, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ àwọn òǹkọ̀wé lára. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1997, Ellen DeGeneres jẹ́ kí ẹni tí òun ń ṣe nínú eré apanilẹ́rìn-ín kan sọ pé obìnrin ni òun ń fẹ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù 42 ènìyàn sì wò ó. Àwọn iléeṣẹ́ kan kọ̀ láti polówó ọjà níbẹ̀, eré náà sì kógbá sílé lọ́dún kejì. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, Fúnmi Ìyàndá àti ètò rẹ̀ ni mo rántí.

Ní 2020, Uyaiedu Ikpe-Etim darí fíìmù kékeré kan tí Pamela Adie gbé jáde, lórí obìnrin méjì tó ń fẹ́ra wọn. Àwọn méjèèjì tó ṣe fíìmù náà kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, Ìfẹ́. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò kìlọ̀ pé wọ́n lè ṣẹ̀wọ̀n. Ìlú Toronto ní Kánádà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í hàn, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dùn mí pé èdè wa wúlò fún àkọlé rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé wa kò gbà á.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa tú ọ̀rọ̀ inú eré Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Ẹ mọ̀ pé “ó” tiwa kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti pé ìyàwó ilé ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ní “ọkọ mi” láìsí ẹni tó ń wò ó níwòkuwò. Nínú eré kan tó kọjá lọ́wọ́ mi, aránṣọbìnrin kan ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní, “Màmá, ẹni tí mo fẹ́ ń dúró dè mí nílé, ó ti se oúnjẹ.” Obìnrin ni ẹni náà, a ti rí i níbi tó ti ń gún iyán. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi ní kí n kọ ọ́ bí ọkùnrin, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ gba owó mi. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá gbọ́ ohun tí obìnrin náà sọ fún ìyá rẹ̀. Àwọn tó ń ka ìsàlẹ̀ àwòrán ń retí ọkùnrin kan tí kò wọlé wá títí tí eré fi parí. Nígbà tí wọ́n tún gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá, mo dá a padà.