Kí Ẹsẹ̀ Tó Gbéra

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo jókòó ti ẹ̀rọ lónìí. Ọ̀rọ̀ ijó ìyìn ló ń jẹ mí lọ́kàn, pàápàá bí a ṣe ń to ijó fún ìsìn.

Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n gbé fún ẹgbẹ́ wa. Bí mo ṣe ń ka ìlù rẹ̀, ení dé ẹ̀jọ, ení dé ẹ̀jọ, bẹ́ẹ̀ ni mò ń fi ìgbésẹ̀ dí gbogbo àyè tó wà níbẹ̀. Wọ́n á yí, wọ́n á fò, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á tún dìde. Kò síbi tí wọ́n ti lè mí. Lójú tèmi nígbà náà, bí ìgbésẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ìyìn ṣe máa pọ̀ tó.

Nígbà ìdánrawò kẹta, a dé ibi tí orin ti sọ pé Ọlọ́run dárí jì wá. Mo ti ní kí wọ́n yí lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn ò yí. Ó dúró. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, ó wá ń tú ìka sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi kọjú sókè. Mo dá orin dúró, mo bi í léèrè.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí orin ń sọ ni."

Mi ò lè bá a wí.

Mo délé, mo ṣí 2 Sámúẹ́lì orí 6. Ẹsẹ 14 làwa oníjó fẹ́ràn: Dáfídì wọ éfódì ọ̀gbọ̀, irú aṣọ táwọn àlùfáà ń wọ̀, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ jó níwájú Olúwa. Àmọ́ ẹ wo ẹsẹ 13. Àwọn tó ru àpótí Olúwa rin ìrìn mẹ́fà péré, ọba sì rúbọ. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni Úsà, ọ̀kan lára àwọn tó ń kó àpótí yẹn kan náà bọ̀, fọwọ́ kàn án, tó sì kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbẹ̀rù sì mú Dáfídì. Ẹni tí ẹ̀rù Ọlọ́run ti bà rí ló ń jó yẹn o! Ó dúró ná, kó tó jó.

Mo yọ yíyí méjèèjì kúrò. Ìlù mẹ́rìndínlógún, ọwọ́ ṣíṣí nìkan.

Lọ́jọ́ ìsìn, nígbà tí a dé ibẹ̀, ọwọ́ mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lórí pẹpẹ. Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá àgbà kan lórí ìjókòó àárín ti dìde, ó ń tú ìka tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.