Arundhati Bhattacharya àti Ìsinmi Ọdún Méjì

Bí a bá ti dárúkọ Arundhati Bhattacharya, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ alága State Bank of India, báńkì ńlá ìjọba Íńdíà. Òótọ́ ni. Báńkì tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà ní Kolkata láti 1806 kò fi obìnrin jẹ alága rí, àfi ní oṣù kẹwàá 2013. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbẹ̀, a ò tíì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kà, kì í ṣe ìṣirò owó. Ó wọ báńkì náà lọ́dún 1977, ọdún 36 ló sì lò kó tó dórí àga yẹn. Wọ́n ń gbé e láti ìlú dé ìlú, títí dé New York. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ báńkì tẹ́ ẹ jókòó síbí, ẹ mọ ohun tí lẹ́tà tìránsífà ń dá sílẹ̀ nínú ilé. Òun náà ti fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà kan nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ibi tí mò ń lọ rèé. Nígbà tó di alága, ó ṣètò pé kí obìnrin lè gba ìsinmi tó tó ọdún méjì láti tọ́mọ tàbí láti tọ́jú òbí, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan ní àánú lásán ni, pé báńkì kì í ṣe ilé ìtọ́mọ. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún ara wọn! Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí owó yíyá, tó mọ ojú ẹni tó máa san àti ẹni tó máa sá, ta ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ lọ́la?

Mo fẹ́ máa bá a lọ nígbà tí arákùnrin kan dìde lẹ́yìn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbèsè ńkọ́? Ṣebí ìgbà tiẹ̀ ni Vijay Mallya kúrò nílùú?”

Ìbéèrè gidi ni. Mallya, olówó tó ni ilé iṣẹ́ bàálù Kingfisher, tó sì jẹ àwọn báńkì ní gbèsè ńlá, lọ sí Ìlú Ọba ní oṣù kẹta 2016. Àmọ́ láti 2012 ni bàálù Kingfisher kò ti fò mọ́, owó ti jáde kí obìnrin yìí tó jẹ alága. Ó jogún gbèsè ni. Ibi tí èmi ti bá a wí ni 2017, tó ní dídárí gbèsè ji àgbẹ̀ ń ba ìwà sísan gbèsè jẹ́. Àgbẹ̀ tí òjò kọ̀ sílẹ̀, tó ń wo ọlọ́kọ̀ òfurufú ní London, báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn?

Aago ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi wàhálà kan tó bá a lórí àga kún un: ní November 8, 2016, ìjọba Íńdíà fagi lé owó bébà 500 àti 1,000 rúpíì lóru. Ìwọ̀n owó 2,000 tuntun kò bá àpótí inú ẹ̀rọ ATM mu, wọ́n ní láti tún ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń fi yíǹkì sí ìka àwọn tó wá pààrọ̀ owó, bíi ti ìdìbò. Nínú wàhálà yẹn náà ló ti parí ìdàpọ̀ báńkì mẹ́fà mọ́ State Bank ní April 1, 2017. Ó fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Nígbà tó di 2020, ó gba ipò olórí Salesforce, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti Amẹ́ríkà, ní Íńdíà.