Ta Ló Fẹ́ Ra Gààrí Lóru?

Ọ̀kun o, ẹ kú alẹ́ gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá. Kábbà la wà yìí, ẹ wo màmá tó ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé yẹn. Ẹ rí ìkòkò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ẹ̀? Omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ ni, iná kan náà ló ń ṣe méjèèjì.

Ohun táwọn ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kan ń ṣe ní Denmark náà nìyẹn. Èyí tó ń ṣe iná nìkan sábà máa ń da ohun tó ju ìdajì ooru ẹ̀ nù sínú afẹ́fẹ́ tàbí òkun, àmọ́ àwọn wọ̀nyí ń fi í mú omi gbóná, páìpù abẹ́ ilẹ̀ á gbé e lọ sílé onílé. Nínú ilé 10 níbẹ̀, ó lé ní 6 tó ń fi omi yẹn móoru.

Òru ni wàhálà dé. Òtútù ń mú, gbogbo èèyàn fẹ́ ooru, ṣùgbọ́n wọ́n ti sùn, ta ló fẹ́ ra iná? Tí atẹ́gùn bá tún wá ń yí àwọn fáànù ńlá tí wọ́n fi ń ṣe iná, iná á pọ̀ débi pé ẹni tó ń tà á ló máa sanwó fẹ́ni tó bá gbà á (ẹ̀yin tẹ́ ò tíì ríná láti àárọ̀, ẹ má bínú sí mi o). Àfi bíi kí màmá máa yan gààrí láago méjì òru torí pé àwọn ọmọ fẹ́ wẹ̀.

Fúláàsì ni wọ́n fi yanjú ẹ̀. Táǹkì irin gìrìwò ni o, wọ́n wé e bí ọmọ tuntun, omi inú ẹ̀ á gbóná sún mọ́ 100°C àmọ́ kò ní hó. Èyí tó gbóná fúyẹ́, òkè ló ń wà, èyí tó tutù á wà nísàlẹ̀, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pòpọ̀. Lọ́sàn-án tí iná lówó lórí, wọ́n á ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n á tajà, wọ́n á rọ ooru tó ṣẹ́ kù síbẹ̀, tó bá dòru wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, táǹkì á máa bójú tó ilé.

Àwọn tí bọ́ílà wọn ò ṣeé pa wéré máa ń darí ooru gba ẹ̀gbẹ́ tọ́báìnì (ẹ̀rọ tí ooru ń yí kó lè mú iná wá) kọjá, kó lọ tààrà sínú omi. Èyí tó wù mí jù ni ti kẹ́túlù oníná ńlá: atẹ́gùn pọ̀, iná wá dọ̀pọ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ta iná lánàá á wá máa rà á láti fi se omi!

Ẹ wò ó, màmá ti ń paná. Wọ́n ti da omi tó kù sínú kúlà, wọ́n ní ti aago márùn-ún ìdájí ni.