Báwo Ni Màámi Ṣe Mọ̀ Pé Fíìmù Àjẹ́ Ni?

Nílé wa ní Aké, ní Abẹ́òkúta, Màámi kì í jókòó wo fíìmù. Ilé ìdáná ni wọ́n máa ń wà, wọ́n á máa ro àmàlà láfún, àwa ọmọ á sì ti rọ̀gbà yí tẹlifíṣàn ká ní pálọ̀. A ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọnú fídíò, ìpolówó á kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn òṣèré á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹnikẹ́ni kò tíì la ẹnu sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà tí Màámi á ti pariwo láti ẹ̀yìn: "Ẹ yọ ìyẹn kúrò! N ò fẹ́ fíìmù àjẹ́ lálẹ́ yìí o!" Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ fi sílẹ̀, àwàdà nìyẹn."

Wọn kò rí àwòrán. Wọn kò mọ orúkọ fíìmù. Síbẹ̀, n kò rántí ọjọ́ kan tí wọ́n ṣì í.

Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: ibi tí orúkọ ti ń jáde, tí ọ̀pọ̀ wa ń sáré tẹ bọ́tìnì kó lè fò kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó mọ́. Ibẹ̀ ni ẹni tó ṣe fíìmù ti ń bá wa ṣe àdéhùn. Ó ń sọ fún wa pé ẹ̀rín lòun gbé wá, tàbí ẹ̀rù, tàbí ogun, tàbí ìfẹ́. Àdéhùn yẹn la ó fi wo gbogbo ohun tó kù. Bí ọkùnrin kan bá ṣubú sínú kòtò nínú fíìmù tí wọ́n ti fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, a ó bú sẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kòtò yẹn kan náà ni, ọkùnrin yẹn kan náà ni, àmọ́ a ó di àga mú.

Ká tó kọjá sí òkè òkun, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé, nítorí àwa Yorùbá ti ń ṣe é kí kámẹ́rà tó dé. Eégún alárìnjó kì í dédé já sójú agbo kó máa pidán. Ìjúbà ló ń kọ́kọ́ ṣe. Ìlù á sọ̀rọ̀, àwọn èrò á fara balẹ̀, ojú á wá sọ́nà. Nígbà tí Hubert Ogunde, ọmọ Òsọ̀sà, dá ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú eré wọn. Opening glee ni wọ́n ń pè é, orin àti ijó tó ń ṣáájú eré gan-an, tó sì ń ta èrò lólobó. Àwọn ẹgbẹ́ eléré tó tẹ̀ lé e náà lò ó. Nítorí náà, nígbà tí fíìmù àgbéléwò dé tí wọ́n ń fi odindi orin kan bẹ̀rẹ̀, tí olórin ń kọ ìtàn náà sílẹ̀ kí a tó rí i, mi ò gbà pé àfarawé òyìnbó ni. Àṣà ilé ni.

Etí wa ti mọ̀ ọ́n náà. Ẹ gbọ́ dùndún tó ń dárayá, ẹ mọ̀ pé ìnáwó ń bẹ níbì kan. Ẹ gbọ́ fèrè kan ṣoṣo lóru, kí òwìwí ké lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín kí ẹ tó káwọ́ gbera. Tunde Kelani, tí ilé baba-ńlá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí ló ti dàgbà, sọ fíìmù rẹ̀ kan ní Saworoide, ní 1999. Orúkọ lásán nìyẹn o, àmọ́ ó ti mi ìlù sí wa létí. Ṣaworo idẹ ara ìlù! A ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọba àti ìlú ló ń bọ̀.

Ó yá, ẹ wo èyí. Psycho ni, fíìmù Alfred Hitchcock, 1960. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Saul Bass ló ṣe ibi orúkọ rẹ̀. Ẹ wo ojú àwòrán dáadáa: dúdú, funfun àti eérú nìkan. Kò sí ènìyàn, kò sí ilé, kò sí ọ̀bẹ. Àwọn ìlà gbọọrọ ló ń sáré wọlé láti ẹ̀gbẹ́, òmíràn ń ta gìrì láti òkè àti ìsàlẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń kọjá ni wọ́n ń gé orúkọ àwọn ènìyàn sí méjì, sí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n dá a dúró síbí. Ẹ rí orúkọ fíìmù náà? Ó ti fọ́. Apá òkè kò bá tìsàlẹ̀ mu mọ́. Ó sún padà, ó lẹ̀ mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, ó tún fọ́. Ìtàn ẹni tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì nìyí, lẹ́tà sì ti sọ ọ́ kí òṣèré tó sọ ọ́.

Ẹ wá dijú, kí ẹ fetí nìkan gbọ́ ọ. Bernard Herrmann ló kọ orin yìí, ohun èlò olókùn nìkan ló sì lò: kò sí fèrè, kò sí kàkàkí, kò sí ìlù. Fayolíìnì àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń ha okùn kíkankíkan, bí ẹni tí nǹkan ń lé tí kò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Ẹ fi orin yìí sọ́kàn, mo ṣì máa padà sórí rẹ̀.

Lára àwọn tó tún mọ iṣẹ́ yìí ni Maurice Binder. Ní 1962, nínú Dr. No, ó fi wá sínú ihò ìbọn, a sì ń wo James Bond láti ibẹ̀ bó ṣe yí padà tó yìnbọn, tí ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn bo ojú àwòrán. Lọ́dún kejì, The Pink Panther fi àmọ̀tẹ́kùn aláwọ̀ osùn tí wọ́n yà lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, sasofóònù inú orin tí Henry Mancini kọ sì ń yọ́ rìn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ọ̀daràn àti ẹni tó ń lé e nínú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa ṣi ọ̀kan pè ní èkejì.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ló wù mí jù, ẹ bá mi ká lọ sí Ìtòkú, ọjà aládìrẹ.

Ẹ wo àdìrẹ méjì tí ìyá yìí tẹ́ sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ wọn. Àdìrẹ oníko ni ti ọwọ́ òsì. Ẹ wo bí etí àwọn àmì roboto yẹn ṣe yọ́ wọnú aró, nítorí ìko ni wọ́n fi di aṣọ náà. Ẹlẹ́kọ ni ti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ya á, yálà pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gba ojú páànù tí wọ́n ti gé, torí náà ìlà rẹ̀ ṣe gédégédé. Ìyá aládìrẹ kò ní láti bi ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ṣe aṣọ. Etí àmì ló ń wò.

Lẹ́tà fíìmù náà nìyẹn. Nínú Seven, 1995, Kyle Cooper fi ọwọ́ ha àwọn lẹ́tà sára fíìmù. Wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n rí jákujàku, bí ohun tí ẹni tí kì í sùn kọ. A rí ọwọ́ ẹnìkan, apànìyàn inú fíìmù náà, tó ń rán ìwé pọ̀. Ó ń fi abẹ gé awọ orí ìka ara rẹ̀. Ó máa pẹ́ gan-an kí a tó rí ojú rẹ̀ nínú fíìmù, àmọ́ a ti bá a jókòó sídìí tábìlì.

Ẹ wá wo Stranger Things, eré alápá púpọ̀ ti 2016. Lẹ́tà pupa ńláńlá tó ń tàn nínú òkùnkùn ni, wọ́n rọra ń sún mọ́ ara wọn títí tí orúkọ fi pé, tí kíbọ́ọ̀dù sì ń lù kì-kì-kì bí àyà. Irú lẹ́tà yẹn, ITC Benguiat, wà lára ẹ̀yìn ìwé ìtàn ẹ̀rù Stephen King láyé 1980 sí 1989. Ẹni tó ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà èwe, lẹ́tà náà á dá a padà sí yàrá ìgbà yẹn.

Ti tẹlifíṣàn le díẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi í hàn, kò sì gbọdọ̀ súni. Game of Thrones ti 2011 rí ọgbọ́n dá sí i: àwòrán ilẹ̀ ni, àwọn ìlú tó sì ń hù jáde lórí rẹ̀ ń yí padà bí ìtàn ṣe ń lọ.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Mo wo àwàdà Yorùbá kan tí wọ́n fi lẹ́tà tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, n kò lè rẹ́rìn-ín. Mò ń retí òkú. Àwọn òṣèré náà ṣe bẹbẹ, àmọ́ àdéhùn ti wọ́. Bákan náà ni àwọn fíìmù wa tó dá lórí ayé àtijọ́: lẹ́tà wúrà àti ẹ̀ta iná, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí wọ́n rí ti-ṣetán lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlú yìí la ti tẹ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, ní 1859! Ẹni tó bá ń ṣe fíìmù nípa Ẹ̀gbá ayé ìgbà yẹn, lẹ́tà ìwé yẹn ń bẹ nílẹ̀ fún un. Páànù tí àwọn baba wa gé fún ẹlẹ́kọ ń bẹ nílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tó ń dá fíìmù pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní Pánsẹ́kẹ́, ẹ gòkè wá sí Ìtòkú, ẹ mú kámẹ́rà dání. Ẹ ya bí aró ṣe ń kán lára aṣọ tútù, kí ẹ kọ orúkọ lé e lórí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fóònù wọlé tọ Màámi lọ. Mo tan orin Psycho yẹn, mo da ojú fóònù délẹ̀ sórí tábìlì. Wọ́n ń ro láfún lọ́wọ́. Orin kò tíì lò tó ìṣẹ́jú kan tí orógùn fi dúró.

"Ta ni wọ́n fẹ́ pa?"

Mo ní obìnrin kan ni, Màámi. Wọ́n ní kí n pa fóònù, kí n wá jẹun.