Sámúẹ́lì Wà Lójú Ọ̀nà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tèmi nínú Olúwa. Ẹ kú ìdúró. Àwọn kan wà láàrin wa tí "ṣé dáadáa ni?" ti sú wọn í gbọ́, torí wọn ò mọ èsì tí wọn yóò tún fọ̀ sí i. Àwọn ni mo dìídì ń kí láàárọ̀ yìí.

Ibi kíkà: 1 Sámúẹ́lì 13:5-15.

Ó pẹ́ tí mo ti máa ń bá Sọ́ọ̀lù, ọba Ísírẹ́lì, wí nínú ọkàn mi pé aláìnísùúrù ni. Lọ́sẹ̀ yìí ni mo tó jókòó ka ọjọ́ tó lò ní Gílígálì. Ọkùnrin yìí dúró o! Ọjọ́ méje ni wòlíì Sámúẹ́lì dá fún un pé kó fi dúró de òun, torí òun ni yóò wá rú ẹbọ, ó sì dúró di ọjọ́ keje. Àwọn Filísítínì ti pàgọ́ sí Míkímáṣì pẹ̀lú 6,000 ẹlẹ́ṣin, àwọn ọmọ ogun wọn pọ̀ bí iyanrìn etí òkun. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti sá wọ inú ihò àti kòtò, àwọn mìíràn ti sọdá Jọ́dánì. Àwọn tó kù lọ́dọ̀ ọba ń gbọ̀n. Mélòó nínú wa ló lè fara da ọjọ́ mẹ́ta irú rẹ̀?

Kì í ṣe ọjọ́ kìn-ín-ní ló ti bà á jẹ́. Kì í ṣe ọjọ́ kẹta. Ìwọ̀nba wákàtí tó kù ni. Ó ní kí wọ́n gbé ẹbọ sísun wá, ó rú u. Bíbélì wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n sùn: bó ṣe rú u tán báyìí ni Sámúẹ́lì dé.

Nígbà tí Sọ́ọ̀lù ń to igi, Sámúẹ́lì wà lójú ọ̀nà. Nígbà tó ń dáná sí i, Sámúẹ́lì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Bóyá èéfín yẹn gan-an ni wòlíì kọ́kọ́ rí lókèèrè (ìyẹn ò sí nínú Bíbélì o, èmi ni mo rò ó). Sọ́ọ̀lù sì jáde lọ kí i. Ẹnu wo ló fi sọ pé ẹ kú àbọ̀, baba, tí eérú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo mọ ìkíni yẹn. Mo ti kí irú rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ kan ni mo ń retí nígbà náà. Wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, wọ́n ní kí n máa retí àwọn. Oṣù kan di oṣù márùn-ún. Lóru ọjọ́ kan, mo fi aṣọ ìbora borí kí ìmọ́lẹ̀ fóònù má baà jí ẹni tó sùn tì mí, mo sì tẹ ìlà mẹ́ta ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà: kí wọ́n má wulẹ̀ yọra wọn lẹ́nu mọ́, mi ò ṣe mọ́. Mo tún sọ òkò ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọn. Ilẹ̀ mọ́, fóònù dún. Ọ̀gá náà ni. Kò tíì rí àtẹ̀jíṣẹ́ mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí lẹ́tà mi láti ọ̀sán àná. Mo fẹ́ sọ pé "ẹ káàárọ̀, sà", ohùn mi ò jáde. Bí ó ti sọ fóònù kalẹ̀, mo pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́ lórí fóònù tèmi, bí ẹni pé ìyẹn á pa á rẹ́ lórí tirẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kà á. Lẹ́tà yẹn ò dé ọwọ́ mi títí dòní.

Láti ọ̀sán àná! Ó ti wà lójú ọ̀nà kí n tó faṣọ borí.

Àwíjàre Sọ́ọ̀lù ni pé àwọn èèyàn ń tú ká. Lẹ́yìn ẹbọ náà ó ka àwọn tó kù, wọ́n jẹ́ 600. Ẹbọ yẹn ò dá ẹnì kan padà. Bẹ́ẹ̀ ní orí tó tẹ̀ lé e, Jónátánì àti ẹni tó ń ru ìhámọ́ra rẹ̀ nìkan ni Ọlọ́run fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ibùdó Filísítínì ká. Èèyàn méjì! Mi ò sọ pé ká fọwọ́ lẹ́rán o. Ẹni tó ń wáṣẹ́ kó máa wá a, ẹni tó ń lo oògùn kó máa lò ó. Èyí tí Ọlọ́run ní ká má fọwọ́ kàn ni mò ń wí.

Ọjọ́ keje ni àwọn kan wà láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà tó ti kọjá. Kì í ṣe agbára wa ló mú wa dé ibí.

Baba, dárí jì mí. Dárí àtẹ̀jíṣẹ́ òru jì mí. Dárí ẹbọ tí kì í ṣe tèmi láti rú jì mí. Eérú tó bá wà lọ́wọ́ mi, fi ẹ̀jẹ̀ Jésù wẹ̀ ẹ́ nù.

Olúwa, dì mí mú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje. Bí mo bá ti ń to igi, tú u ká. Bí mo bá ti ṣáná, pa á. Bí mo bá ti kọ ọ́, má jẹ̀ẹ́ kó lọ. Ìgbà mi ń bẹ ní ọwọ́ rẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí n já a gbà.

Ọlọ́run tó ṣèlérí fún Ábúráhámù ní ẹni ọdún 75, tó gbé Ísáákì lé e lọ́wọ́ ní ẹni ọdún 100, rántí arábìnrin tó ń sunkún nínú balùwẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ má baà gbọ́. Rántí ẹni tó fẹ́ gbà láti fẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kọ̀, torí ọjọ́ orí. Rántí òbí tó ń ṣọ́nà fún ọmọ tó bọ́ sínú ayé tí kò padà wálé. Rántí ẹni tó ń retí èsì àyẹ̀wò, tó ń fi ọwọ́ tẹ ibi tó ń dùn ún ní gbogbo wákàtí. Jókòó tì wọ́n, Baba. Má lọ.

Gbogbo ohùn tó ń sọ fún ọ lóru pé Ọlọ́run ti gbàgbé rẹ, kó dákẹ́! Ohùn tó ń sọ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti lọ, kó dákẹ́! Ohùn tó ń sọ pé dáná sí i, dáná sí i, kò sẹ́ni tó ń bọ̀, mo ní kó dákẹ́ ní orúkọ Jésù!

Ẹni tí Ọlọ́run rán sí ọ ò ní ṣìnà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní yẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní dá a padà lójú ọ̀nà. Yóò bá ọ níbi tí Ọlọ́run ní kí o dúró sí. Yóò bá ọ láàyè. Yóò bá ọ nínú ìlera. Yóò bá ọkàn rẹ ní pípé, kì yóò bá èéfín lórí rẹ, kì yóò bá àwíjàre lẹ́nu rẹ. Ẹnu ò ní wúwo fún ọ láti kí i. Wàá na ọwọ́ tó mọ́ sí i, wàá ní, "Ẹ kú àbọ̀, mo ti ń retí yín."

Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.